Kì Í Ṣe Ilé Àǹjọ̀nú

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Ta ni kò mọ̀yẹn? Àwọn ọmọ tó ń gbé kámẹ́rà káàkiri abúlé Èkìtì ni mo ń bá wí.

Ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ọmọ ìyá elẹ́lùbọ́ tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ na fóònù sí i. Fọ́tò ilé alámọ̀ kan ni: páànù ti dípẹtà, ògiri ẹ̀yìn ti wó, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó yà á kọ "ilé àǹjọ̀nú" sábẹ́ rẹ̀. Ìyá figbe ta: "Ulé bàbá mi rèé!" Inú yàrá iwájú yẹn gan-an ni wọ́n sin bàbá sí. Ṣẹ́ńjì mi, ó gbàgbé ẹ̀.

Fọ́tò náà dára, n ò ní purọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló fi yà á, ìgbà tí ipa ọwọ́ ẹni tó mọ ògiri máa ń hàn. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù: ọmọ tó mọ ìgbà tí oòrùn dára, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè onílé! Ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé ṣì ní ẹbí. Wá olórí ẹbí lọ, kí i, sọ ohun tí o fẹ́ ṣe. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì, má ṣí i. Má wọlé lẹ́yìn òjò. Ògiri amọ̀ tó ti mumi kì í dágbére kó tó wó. Kọ orúkọ abúlé, ti ẹni tó kọ́ ilé, àti ọjọ́ tí o yà á. Tẹ ẹyọ kan jáde, kí o mú un padà fún wọn.

Ẹ lè ní àwọn ọmọ onílé ló kọ́kọ́ pa á tì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kódà igbá tí onígbá kò pa tì, wọ́n lè má bá a pè é bó ṣe pè é. Ẹ wo Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ Adó níbí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó ni Ògògà gbà dípò rẹ̀. Wọ́n yin ilẹ̀kùn náà títí, wọn ò dárúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ sì wà láàyè nígbà náà! Onígbá mọ orúkọ igbá rẹ̀. Àwọn tó gbé e lọ ni kò bi í. Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ò ro ti ẹni tí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ní kí ọmọ òun kọ orúkọ bàbá sábẹ́ fọ́tò náà. Ó kọ ọ́. Nígbà tí mo padà lọ gba ṣẹ́ńjì mi, "ilé àǹjọ̀nú" ṣì wà lókè, orúkọ bàbá wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi fọ́tò náà rẹ́rìn-ín.