Níbo ni orírun ọjà yìí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, láàárín Èkó àti Kútọnu. Ẹni tó ń gbé ọjà kọjá níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn aṣọ́bodè lè gbowó lórí rẹ̀. Owó ibodè la ń pè é. Ó ń kún àpò ìjọba, ó sì ń mú kí ọjà òkèèrè wọ́n sí i. Ṣé ó yé yín? Ó dáa.

Àwọn orílẹ̀-èdè lè ṣàdéhùn pé àwọn ò ní máa gba owó yìí lórí ọjà ara wọn mọ́. Ohun tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ń lépa nìyẹn. Òun náà ni ti AfCFTA, àdéhùn káràkátà ọ̀fẹ́ fún gbogbo Áfíríkà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kìgálì ní 2018, tí òwò sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní 2021. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ ní sùúrù.

Ká ní ìrẹsì Tàílándì gúnlẹ̀ sí Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì fi mọ́tò gbé e wá sí Èkó. Ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé ìrẹsì Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn? Rárá o, ńṣe ló kàn gba ibẹ̀ kọjá. Irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní August 2019, tí kò ṣí i títí di December 2020. Ìdí nìyí tí àdéhùn fi gbọ́dọ̀ ní òfin orírun ọjà, òfin tó ń sọ ọjà tó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ lóòótọ́. Bí kò bá tíì yé yín, ẹ tún un kà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ibi tó le nìyí. Ìrẹsì ní oko kan tó ti hù, ṣùgbọ́n fáànù tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ wá láti Ṣáínà ńkọ́? Ọ̀kan lára ìdáhùn ECOWAS jẹ́ ìṣirò: iye tí iṣẹ́ àti ohun èlò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi kún un gbọ́dọ̀ tó ìdá 30 nínú 100 iye tí ilé iṣẹ́ ń tà á. Bí fáànù bá jẹ́ ₦10,000, tí ẹ̀yà ara láti òkèèrè jẹ́ ₦6,000, ₦4,000 ló kù fún wa. Ìdá 40 nìyẹn, ó yege. Ká wá ní ẹ̀yà ara náà jẹ́ ₦8,000: ṣé ẹ rí i pé kò yege mọ́?

Aṣọ tún lágídí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lábẹ́ AfCFTA, ó pẹ́ tí wọ́n fi jiyàn lórí rẹ̀: ṣé kí rírán rẹ̀ ní Áfíríkà tó, àbí òwú rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Áfíríkà? Tèmi ni pé ìbéèrè orírun ni ìjà òwò yóò dá lé lọ́jọ́ iwájú, ju iye owó ibodè fúnra rẹ̀ lọ. Ní 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà bu owó ibodè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó kéde ìdá 40 lórí ọjà tí wọ́n bá gbé gba orílẹ̀-èdè mìíràn kọjá láti fi sá fún owó náà. Ilé iṣẹ́ ńlá á gba agbẹjọ́rò àti oníṣirò láti fi orírun ọjà rẹ̀ hàn. Aránṣọ ìlú Aba ní Nàìjíríà tí kò gba rìsíìtì nígbà tó ra òwú ńkọ́? Kí ni yóò fi han aṣọ́bodè?