Àárẹ̀ Olùkọ́ Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ
Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣe tíṣà l'Ọ́yọ̀ọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí oorun kò bá lé àárẹ̀ lọ mọ́, tí ìwé tí ẹ fẹ́ máàkì ń já yín láyà, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé so irú rẹ̀ mọ́ wàhálà ẹnu iṣẹ́ tí a kò bójú tó. Àwọn kan á ní àwọn àgbà fara dà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfaradà kò ní kí nǹkan má dunni. Ìlànà ìjọba fúnra rẹ̀ ní ọmọ 35 ló tọ́ sí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ẹni tó ń kọ́ 70 ń ṣiṣẹ́ ènìyàn méjì. Ẹ tètè sọ fún ọ̀gá yín, ẹ máa ran ara yín lọ́wọ́ nídìí máàkì, bí kò bá sì rọlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.