Síse Ẹ̀wà Púpọ̀ Lẹ́ẹ̀kan àti Fífi Í Pamọ́ Sínú Fírísà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò se òkúta jinná, yóò sì mu omi rẹ̀. Ọdún tí mo dé Yeoville, ní ìlú Johannesburg, ni òwe yìí tó yé mi. Mo ra ẹ̀wà ní ọjà òpópónà Rockey àti Raleigh, mo gbé e kaná gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti kọ́ mi ní Èkó. Wákàtí méjì kọjá, ẹ̀wà kò rọ̀. Mo bú ẹni tí ó tà á fún mi nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀. Gíga ìlú ni.

Johannesburg fi nǹkan bí mítà 1,750 ga ju òkun lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ń dín kù, omi a sì tètè hó. Ní Èkó, ní etí òkun, omi a máa hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá di 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níhìn-ín, nǹkan bí 94 ni. Bí a tilẹ̀ ko iná mọ́ ọn, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò kàn máa gbẹ ni. Nítorí náà ni ẹ̀wà fi ń pẹ́ lórí iná.

Nígbà tí mo mọ èyí, mo pinnu pé bí iná yóò bá pẹ́, kí ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún oúnjẹ ọjọ́ púpọ̀. Báyìí ni mo ti ń ṣe é:

1. Rírẹ. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń rẹ ẹ́ mọ́jú. Ní òwúrọ̀, mo ń da omi náà nù. N kì í fi tòmátì sí i títí yóò fi rọ̀, nítorí ohun kíkan kì í jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà rọ̀.

2. Sísè. Ẹ̀wà pupa tí ó rí bí kíndìnrín ní oró nínú, bí kò bá jinná. Kí omi tuntun máa hó kíkankíkan lórí rẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí a tó dín iná kù, kí a sì sè é títí yóò fi rọ̀ tán. Iná jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ léwu. Ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ ń sé ooru mọ́ inú ń mú kí omi gbóná ju bí ó ti ń hó lọ. Ó dára púpọ̀ ní ìlú òkè.

3. Títutù. Ìkòkò ńlá kì í tètè tutù, àárín rẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ó la iná já sì ti ń bí sí i. Mo ń tẹ́ ẹ̀wà sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ó tó pé wákàtí 2 ó ti wọ fírísà.

4. Pípín. Ife 1 ẹ̀wà gbígbẹ a máa di nǹkan bí ife 3. Mo ń pín in sí ọ̀rá, oúnjẹ ẹni méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, nítorí omi ń wú bí ó bá dì. Mo sì ń kọ ọjọ́ sí i lára.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó dùn mí jù. Ní ọdún 2023, nígbà tí iná mànàmáná ń lọ lójoojúmọ́, mo lọ sí ìrìn àjò. Nígbà tí mo dé, ẹ̀wà ti yọ́, ó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó ṣe mí bí ohun ìbàjẹ́ láti dà á nù. Mo jẹ́ kí ó tún dì. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé, ará Zimbabwe, gbé e kaná, ó jẹ ẹ́. Inú rún un mọ́jú, kò sì lè lọ sí ìdánwò ní òwúrọ̀. Ooru ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró tí irú mìíràn nínú wọn ti tú sílẹ̀ kì í bá ooru lọ.

Fírísà tí ó kún, tí a kò ṣí, lè pa òtútù mọ́ fún wákàtí 48. Èyí tí ó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Bí yìnyín bá ṣì wà nínú ẹ̀wà, a lè jẹ́ kí ó tún dì. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ kọjá wákàtí 2, ẹ dà á nù. Ẹ̀wà tí a dànù kò wọ́n tó ìdánwò tí ènìyàn pàdánù.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Harare ga ní nǹkan bí mítà 1,490. Ẹ wá gíga ìlú tiyín, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ̀wà yóò tètè jinná níbẹ̀ ju Yeoville lọ, àti ìdí rẹ̀.