Omi Aró Tó Mọ́ Gaara, Ẹ Má Mu Ún

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń re kàm̀pálà ní Òkè-Àgbò, Jápárá, títí dé Agọ́-Ìwòyè, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé ewé lè mú àwọ̀ kúrò nínú omi aró, ẹ má tìtorí ìyẹn já ewúro sínú omi aró kí ẹ wá dà á sódò.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onímọ̀ ti fi èèpo obì àti èèpo kòkó, tí àwa ń kó dànù lóko, ṣe ẹ̀rún fàdákà tí ojú lásán ò lè rí. Ti ẹ̀rún zinc oxide, ìyẹn èròjà síńkì, náà jọ bẹ́ẹ̀: wọ́n á se ewé, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ iyọ̀ síńkì, wọ́n á wá yan ohun tó bá kù sílẹ̀ nínú ààrò tó gbóná tó 400 tàbí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́búlẹ́bú funfun ló ń dà. Bí ẹ bá la fọ́nrán irun orí kan sí ọ̀nà 1,000, ẹyọ rẹ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan lọ. Bí oòrùn bá pa á nínú omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í já aró sí wẹ́wẹ́ títí àwọ̀ á fi ṣí. Ewúro inú ọpọ́n yín kò lè ṣe ìyẹn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kọ́sítíìkì (caustic soda) tí ẹ ń pò mọ́ aró. Kò láwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí bí ojú ṣe lè mọ̀ bóyá ó ti kúrò. Aró tó fọ́ láìfọ́ tán náà lè léwu ju aró odidi lọ, síńkì sì lè kù sínú omi.

Ẹ fi omi aró tó kù re aṣọ mìíràn títí yóò fi ṣá. Ẹ jẹ́ kí ìyókù gbẹ nínú agbada fífẹ̀, níbi tí ọmọdé àti ewúrẹ́ ò lè dé, jìnnà sí kànga. Ẹ má dà á sódò, torí gúúsù lodò wa ń ṣàn sí, síhà ọ̀sà tí àwọn ará Ìwòpin ti ń pẹja. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé lẹ́búlẹ́bú afọmi wá tà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ.

Bí kọ́sítíìkì bá ta sí ọmọ lójú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán. Bó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú kó bì. Ilé ìwòsàn ni kíá, kí ẹ mú agolo kẹ́míkà náà dání.