Kí Ló Dé Tí Àmì Ohùn Fi Ń Sá Kúrò Lórí "Ẹ́"?

Láti ìgbà tí mo ti ń fi Gboard tẹ Yorùbá lórí fóònù mi ní Itamaga, títẹ àmì ohùn ti rọrùn fún mi gan-an. Àmọ́ nínú áàpù míì, àmì máa ń sá kúrò lórí "ẹ́".

Unicode ló ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. "É" ní tirẹ̀: 00C9. "Ẹ́" kò ní. Méjì la so pọ̀: "Ẹ" (1EB8) àti àmì òkè (0301). Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń so wọ́n pọ̀ á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́.

Torí náà, kí ẹ tó ra fóònù tuntun, ẹ kọ́kọ́ tẹ "ọkọ̀" àti "ọkọ́" sínú ẹ̀. Bí àmì bá yẹ̀, ẹni tó ń retí mọ́tò lè gba irinṣẹ́ oko o!