Ọ̀yẹ́ Bo Òkè Olúmọ

Ìbéèrè: Mo gun Òkè Olúmọ nígbà ìsinmi Kérésì láti ya àwòrán Abẹ́òkúta. Gbogbo àwòrán náà ló funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ṣé kámẹ́rà mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ o. Ọ̀yẹ́ ni. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ló gba ojú ọ̀run. Bí oòrùn ọ̀sán bá ta sí i, ohun gbogbo á ṣì. Ẹ lọ láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, nígbà tí páànù òrùlé ìlú náà tó ti dípẹtà máa ń pọ́n dáadáa. Ẹ dín ojú ọ̀run kù nínú àwòrán. Òrùlé iwájú á hàn kedere, tẹ̀yìn á máa pòórá. Lójú tèmi, ó dùn ún wò ju ọ̀run tó mọ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwọn ìyá tó wà nídìí àpáta náà ńkọ́? Ẹ kí wọn, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó yà wọ́n.