JẸ́ KÍ ÀÀLÀ WÀ NÍBI TÓ WÀ

 

*Ibi kíkà:* Deutarónómì 19:14 àti 27:17, Òwe 23:10-11, 1 Àwọn Ọba 21:1-19

Ẹ jẹ́ ká fi ìka ka Òfin Mẹ́wàá ní àárọ̀ yìí. Méjì péré ló ní ká ṣe nǹkan: ká ya ọjọ́ ìsinmi sí mímọ́, ká sì bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá. Mẹ́jọ tó kù, ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni. Àwọn àgbà Júù ka gbogbo òfin tó wà nínú ìwé Mósè, wọ́n ní ó jẹ́ 613, wọ́n sì ní 365 nínú rẹ̀ ló jẹ́ "má ṣe". Iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún nìyẹn. Àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ọjọ́ kan kò ní mọ́ kí ohun kan má wà níbẹ̀ tó yẹ ká fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò nínú rẹ̀.

Àwa onígbàgbọ́, a fẹ́ràn iṣẹ́ tí èèyàn ń rí. A lè gbààwẹ̀, a lè dá owó ilé ìjọsìn, a lè kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ta ló ti dìde rí lọ́jọ́ ìdúpẹ́ láti sọ pé, "Ẹ bá mi yin Olúwa, mo rí àyè gba ilẹ̀ aládùúgbò mi, mi ò sì gbà á"? A kì í pàtẹ́wọ́ fún ohun tí èèyàn kò ṣe. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni.

Òfin kan ni ká mú lónìí: èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí ààlà ilẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀ nípò. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dé Kénáánì, kèké ni wọ́n fi pín ilẹ̀ náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún. Òkúta ni wọ́n fi ń sàmì ààlà. Ẹnì kan lè jí lóru, kó sún òkúta náà síwájú díẹ̀, kó padà lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oko ẹnìkejì á ti kéré sí i, kò sì ní sí ẹni tó máa lè sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Pẹ̀rẹ̀gún ni àwọn bàbá wa máa ń gbìn sí ààlà oko, torí igi tí kì í tètè kú ni. Bí wọ́n bá gé e, á tún rú. Lóde òní, pílà sìmẹ́ńtì tó ní nọ́ńbà lára ni àwọn tó ń wọnlẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún ṣeé hú, pílà náà ṣeé hú.

Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní gígùn púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120. Bí aládùúgbò bá ti fẹ́ńsì wọ inú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ilẹ̀ tó gbà tó fẹ̀ tó yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. "Ẹsẹ̀ kan péré" tí à ń wí, yàrá tí ọmọ ẹlòmíràn ì bá sùn sí ni.

Kí ni òfin ìjọba sọ? Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, kéèyàn kàn wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ ti tó kí onílẹ̀ pè é lẹ́jọ́, bí kò tiẹ̀ já ewé kan níbẹ̀. Ẹni tó bá fi èrú hú àmì ààlà, ọ̀daràn ni. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ọdún 2016 tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ajagungbalẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi agbára gba ilẹ̀ tàbí ilé onílé lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Ẹ kíyè sí i pé àwọn òfin yìí kò ní ká fún aládùúgbò wa ní kọ́bọ̀. Wọn ò ní ká bá a kọ́lé. Wọ́n kàn ní ká má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiwa ni.

Ṣùgbọ́n agbára òfin ìjọba ní ibi tó mọ. Ó ń fẹ́ ẹlẹ́rìí, ó ń fẹ́ ìwé, ó sì ń ka ọdún. Ní Èkó, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, tí kò gbé e lọ sí kóòtù láàárín ọdún 12, ẹjọ́ rẹ̀ lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Onítọ̀hún lè jẹ́ opó tí kò rówó lọ́yà. Ó lè jẹ́ ọmọ òrukàn tí ẹnikẹ́ni kò fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ hàn án. Ó lè jẹ́ ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó rò pé ilẹ̀ tí òun rà sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Adájọ́ á ní ó ti pẹ́ jù, ẹni tó gbalẹ̀ á sì máa jó jáde ní kóòtù. Ó jàre lábẹ́ òfin. Ṣé ó jàre lọ́dọ̀ Ọlọ́run? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ogún ọdún sì ju 12 lọ o.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ààlà fi tún wà nínú Deutarónómì 27. Mósè ní kí ẹ̀yà mẹ́fà dúró lórí òkè Gérísímù, mẹ́fà lórí Ébálì, kí àwọn ọmọ Léfì ka ègún 12, kí gbogbo ènìyàn sì ṣe àmín sí i. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀: ère tí wọ́n gbé pamọ́, ṣíṣi afọ́jú lọ́nà, lílu ẹnìkejì níkọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ohun tí adájọ́ lè má rí láéláé. Ṣíṣí ààlà wà láàárín wọn. Ìwé Òwe sì kìlọ̀ nípa oko àwọn aláìníbaba, pé Olùràpadà wọn lágbára, Òun fúnra Rẹ̀ ló máa gba ẹjọ́ wọn rò.

Ẹ wá wo Áhábù. Ọgbà àjàrà Nábótì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin rẹ̀ ní Jésírẹ́ẹ̀lì. Ó kọ́kọ́ ṣe é dáadáa: ó ní òun á fún un ní ọgbà tó dára ju èyí lọ, tàbí owó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kéèyàn bèèrè. Nábótì ní rárá, ogún àwọn bàbá òun ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run ń fẹ́ lọ́wọ́ ọba lọ́jọ́ náà ni kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kò lè fi í sílẹ̀. Ó lọ dùbúlẹ̀, ó kọ oúnjẹ.

Ìyókù, a mọ̀ ọ́n. Jésíbẹ́lì kọ lẹ́tà lórúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba dì í. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì, wọ́n sì sọ Nábótì lókùúta pa. Áhábù kò kọ lẹ́tà. Kò jẹ́rìí èké. Kò ju òkúta kankan. Ó kàn dìde lọ gba ọgbà ni. Síbẹ̀, nígbà tí Èlíjà dé, Áhábù gan-an ló bá wí, pé ó pànìyàn, ó sì tún gba ohun ìní rẹ̀. Ẹni tí kò ju òkúta, tó kàn lọ jẹ èrè rẹ̀, Ọlọ́run kà á mọ́ àwọn tó jù ú.

Ẹ tún wo àwọn àgbà ìlú yẹn. Lẹ́tà dé ọwọ́ wọn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó ní, "Mi ò lọ́wọ́ sí i." Ará mi, bóyá ibi tí tiwa wà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹbí pè pé kẹ́ ẹ wá fọwọ́ síwèé láti tún ilẹ̀ tí bàbá ti tà tà, ẹ má fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin bíríkìlà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ta okùn kọjá pílà, ẹ má ta á. Ẹ̀yin tí wọ́n gbé ilẹ̀ pọ́ọ́kú wá bá, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé opó kan ń sunkún lórí rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé nínú ìjọ, ẹ lọ wo fẹ́ńsì dáadáa. Ilé Ọlọ́run kò gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ ìrẹ́jẹ.

Ó lè ná yín ní nǹkan o. Ẹbí lè bínú. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ bíríkìlà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tiyín ni wọ́n gbà, "má ṣe" kan wà fún ẹ̀yin náà: ẹ má kó tọ́ọ̀gì lọ wó fẹ́ńsì lóru. Ẹ kó ìwé yín, ẹ lọ bá baálẹ̀, ẹ lọ bá lọ́yà, ẹ tètè dé kóòtù kí ọdún tó kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Tí ààlà bá ti kúrò nípò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bóyá bàbá yín ló ṣí i, tẹ́ ẹ kàn jogún rẹ̀. Sákéù kò dúró sórí pé òun ò ní gbà mọ́. Ó ní òun á dá ohun tí òun fi èrú gbà padà nílọ́po mẹ́rin. Ẹ pe àgbà kan tó mọ ilẹ̀ náà, ẹ pe ẹni tó ń wọnlẹ̀, kẹ́ ẹ lọ bá aládùúgbò yín lójú ọ̀sán.

*Iṣẹ́ òní:* Ronú ohun kan tí kì í ṣe tìrẹ, tí ọwọ́ rẹ ń sún mọ́. Fà á sẹ́yìn lónìí, bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ mọ̀.

*Àdúrà:* Olúwa, kọ́ ọwọ́ mi kó mọ ibi tó yẹ kó dúró. Má jẹ́ kí ohun ẹlòmíràn wù mí débi tí màá fi ṣe ibi. Fún mi ní ìtẹ́lọ́rùn. Gba ẹjọ́ opó àti aláìníbaba rò, kí O sì dá ohun ìní wọn padà fún wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Òní á sàn wá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra àtikọ́lé.